Ohun Tí Ara Wa Jogún àti Ohun Tí A Fi Ń Bọ́ Ọ



Iṣẹ́ tí ẹ rán mi ni pé kí n sọ bí ìran àti ẹ̀yà ṣe kan ìsanrajù àti àrùn ọkàn. Mo gbà á tọkàntọkàn, torí gbólóhùn kan wà tí mo ń gbọ́ ní yàrá àyẹ̀wò, ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní mọ́sálásí, níbi ìsìnkú pàápàá: "Ó wà nínú ìdílé wọn." Ẹni tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù lẹ́ni ọdún márùndínláàádọ́ta, wọn á ní bí baba rẹ̀ náà ṣe lọ nìyẹn. Obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru, tí orúnkún rẹ̀ kò lè gbé ara rẹ̀ mọ́, á ní òrobó ni gbogbo ilé àwọn. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Àmọ́ a ti sọ òótọ́ díẹ̀ náà di àwáwí, èèyàn sì ń kú sí i. Ohun tí mo fẹ́ kí a jọ wò lónìí ni ibi tí agbára ìran dé, àti ibi tí kò dé.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti Ìgbò-Ọrà. Ìlú ìbejì ni gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí. Ó tún lórúkọ láàárín àwọn tó ń ṣèwádìí ẹ̀jẹ̀ ríru, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ọmọ Ìbàràpá, agbègbè tí ìlú náà wà, kò mọ̀. Ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, Ọ̀jọ̀gbọ́n Richard Cooper ti Yunifásítì Loyola ní Chicago, Charles Rotimi tó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Ìbàdàn, kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ wọn lọ́nà kan náà, wọ́n sì wọn ẹ̀jẹ̀ àwọn èèyàn bíi 10,000 tí orírun gbogbo wọn jẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Àwọn kan wà ní agbègbè Ìgbò-Ọrà àti ní Ìbàdàn, àwọn kan ní Kamẹrúùnù, àwọn kan ní Jàmáíkà, St Lucia àti Barbados. Àwọn yòókù wà ní Maywood, ìlú kékeré kan lẹ́bàá Chicago tí àwọn aláwọ̀ dúdú pọ̀ sí. Ọdún 1997 ni àbájáde iṣẹ́ náà jáde. Ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, èèyàn 16 nínú 100 ló ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ní àwọn erékùṣù Kàríbíà, ó di 26. Ní Maywood, ó di 33.

Àwọn ará Maywood yẹn, àtọmọdọ́mọ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú kúrò ní etíkun wa ni wọ́n. Òótọ́ ni pé ẹ̀jẹ̀ òyìnbó ti wọ inú tiwọn, ṣùgbọ́n ìyẹn kò lè ṣàlàyé ìlọ́po méjì. Ti àwọn ọ̀dọ́ ló wọ̀ mí lára jù nínú iṣẹ́ náà. Láàárín ẹni ọdún 25 sí 34, ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ wọn kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra, ì báà ṣe ní Ìbàràpá, ì báà ṣe ní Chicago. Ìgbà tí ọjọ́ orí bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè ni ti Amẹ́ríkà ń ru, tó ń yára ní ìlọ́po méjì ti Áfíríkà. A jọ gbéra ni, ojú ọ̀nà la ti pínyà. Àwọn ohun tó sì ń bá àrùn náà pọ̀ sí i láti ilẹ̀ dé ilẹ̀ ni ìsanra, iyọ̀, àti àìtó pọtásíọ̀mù, èròjà tó wà nínú ẹ̀fọ́, ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹ̀wà àti èso.

Ní 2005, Cooper àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún kó ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ àwọn èèyàn bíi 85,000 jọ, aláwọ̀ funfun láti Yúróòpù, Kánádà àti Amẹ́ríkà, àti aláwọ̀ dúdú. Láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú, ẹ̀jẹ̀ ríru bẹ̀rẹ̀ láti 14 nínú 100, ó dé 44. Láàárín àwọn aláwọ̀ funfun, ó bẹ̀rẹ̀ láti 27, ó dé 55. Ta ló kéré jù lọ? Nàìjíríà ni. Ta ló ga jù lọ? Jámánì ni. Bó bá jẹ́ pé awọ dúdú ló ń fa ẹ̀jẹ̀ ríru, ta ni yóò ṣàlàyé Jámánì fún wa?

Síbẹ̀, àlàyé kan gbòde ní Amẹ́ríkà fún ọdún pípẹ́. Wọ́n ní inú ọkọ̀ ẹrú ni àrùn náà ti wá: pé òùngbẹ àti ìgbẹ́ gbuuru pa àwọn tí ara wọn kò lè di iyọ̀ mú, àwọn tí ara wọn di iyọ̀ mú ló yè, àwọn yẹn ló sì bí aláwọ̀ dúdú òní. Ìtàn tó ń wọni lọ́kàn ni. Philip Curtin, òpìtàn tí iṣẹ́ rẹ̀ lórí òwò ẹrú kò kéré, dá wọn lóhùn ní 1992 pé ẹ̀rí ìtàn kò gbè é lẹ́yìn. Èmi náà kò gbà á, torí pé bí a bá wo Kúbà, níbi tí àwọn ọmọ Lùkùmí, àtọmọdọ́mọ Yorùbá, wà títí dòní, ìyàtọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru láàárín dúdú àti funfun kéré sí ti Amẹ́ríkà. Irú ọkọ̀ kan náà ló kó àwọn baba ńlá wọn. Ìgbé ayé tí wọ́n bá létí òkun ni kò rí bákan náà.

Ohun mìíràn tún wà tó ya èmi gan-an lẹ́nu. A máa ń sọ pé àwọn ará oko kì í sanra nítorí iṣẹ́ agbára tí wọ́n ń ṣe. Amy Luke àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Loyola fi omi àkànṣe kan, tó ń jẹ́ kí a mọ iye agbára tí ara ń lò lójoojúmọ́, ṣàyẹ̀wò àwọn obìnrin ìgbèríko Nàìjíríà àti àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú Chicago. Àwọn ti Chicago sanra ju tiwa lọ dáadáa. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n yọ ti títóbi ara kúrò nínú ìṣirò, agbára tí àwùjọ méjèèjì ń lò lẹ́nu iṣẹ́ àti ìrìn kò yàtọ̀ síra. Ohun tó ń gba ẹnu wọlé ló yàtọ̀. N kò sọ pé kí ẹ má rìn o. Ìrìn dára fún ọkàn, fún ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, fún oorun. Àmọ́ ẹni tó sáré yí pápá ká ní àárọ̀, tó wá fi ohun dídùn inú ike méjì àti mítíbáì tẹ̀ lé e, kò tíì ṣe ohun tó rò pé òun ṣe.

Ṣé ìran kò wá já mọ́ nǹkan kan ni? Rárá o, ó já mọ́ nǹkan gidi. Ní 1990, Albert Stunkard àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé iṣẹ́ kan jáde lórí àwọn ìbejì ilẹ̀ Swídìn tó jọra délẹ̀délẹ̀, tí wọ́n sì yà sọ́tọ̀ láti kékeré, tí kálukú dàgbà ní ilé tirẹ̀. Ìwọ̀n ìsanra wọn ṣì jọra gan-an, bíi ti àwọn tí wọ́n jọ tọ́. (Àwọn ìbejì Ìgbò-Ọrà kì í sábà jẹ́ irú yẹn. Ẹyin méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ọ̀pọ̀ Táíwò àti Kẹ́hìndé wa ti wá, bíi ọmọ ìyá méjì tó kàn jọ gbé inú.) Nítorí náà, láàárín àwọn tí wọ́n jọ wà ní ilẹ̀ kan, tí oúnjẹ kan náà yí ká, jíìnì ló ń sọ ẹni tí yóò sanra ju ẹnì kejì lọ. Bí gbogbo ilẹ̀ náà yóò ṣe sanra tó, oúnjẹ àti owó ló ń sọ ìyẹn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe da ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀.

Báwo ni jíìnì wá ṣe ń ṣe é? Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ọ̀rá ni jíìnì ń dà sí wọn lára. Inú ọpọlọ ni púpọ̀ nínú wọn ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí ebi àti àyó ti ń wá. Àwọn ẹlòmíràn yó lẹ́yìn òkèlè mẹ́wàá, ti àwọn ẹlòmíràn kò sì tíì bẹ̀rẹ̀ nígbà yẹn. Ọ̀lẹ tàbí ọ̀kánjúwà kọ́ ni wọ́n. Mo fẹ́ kí àwa òṣìṣẹ́ ìlera gbọ́ èyí dáadáa, nítorí ẹnu wa máa ń korò sí aláìsàn tó sanra. Jíìnì tí wọ́n ń pè ní FTO, tó di mímọ̀ ní 2007, ló gbajúmọ̀ jù: òyìnbó tó jogún irú kan lára rẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá àti lọ́dọ̀ baba fi nǹkan bíi kílò mẹ́ta wúwo ju ẹni tí kò jogún rẹ̀ rárá. Kílò mẹ́ta péré! Kì í ṣe ọgbọ̀n. Ní 2017, ikọ̀ tí Rotimi àti Adébọ̀wálé Adéyẹmọ wà nínú rẹ̀ rí irú kan nínú jíìnì SEMA4D tó jẹ́ ti àwa ọmọ Áfíríkà nìkan. Ó wà lára nǹkan bí ẹnì kan nínú ọgọ́rùn-ún, òun náà sì ń fi bíi kílò mẹ́ta kún ìwọ̀n ẹni. Ẹni tó fi ogójì kílò ju ìwọ̀n tó yẹ ẹ́ lọ kò lè kó gbogbo rẹ̀ lé jíìnì kan lórí.

Ti erékùṣù Samoa tún jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 2016, àwọn olùwádìí tó yẹ àwọn ará ibẹ̀ tó lé ní 3,000 wò rí irú kan nínú jíìnì CREBRF tó ń mú ara sanra, tó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí láyé lẹ́yìn àwọn erékùṣù Òkun Pàsífíìkì. Ẹ wá wo ohun ìyanu: àwọn tó ní in sanra jù, síbẹ̀ àtọ̀gbẹ kì í tètè mú wọn tó àwọn tí kò ní in. Sísanra àti àìsàn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà nígbà gbogbo. Ibi tí ọ̀rá sá pamọ́ sí ló ṣe pàtàkì. Ọ̀rá ìdí àti itan kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe ọkàn ní ibi. Ti inú ikùn, tó yí ẹ̀dọ̀ àti ìfun ká, ni ọ̀tá.

Èyí ló gbé mi dé ibi tí mo gbà pé ìran àti ẹ̀yà ti wúlò jù lọ fún wa, tí a kò sì kọbi ara sí: irinṣẹ́ tí a fi ń wọn ara wa. Ara àwọn ẹlòmíràn ni wọ́n fi ṣe púpọ̀ nínú wọn.

Ẹ mú BMI. Ẹ fi gíga yín ní mítà sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, kí ẹ fi èyí tó bá jáde pín ìwọ̀n yín ní kílò. Wọ́n ní tó bá dé 30, ìsanrajù ti dé. Ní 2021, àwọn olùwádìí wo àkọsílẹ̀ ìlera àwọn èèyàn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù kan ààbọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì béèrè pé: ewu àtọ̀gbẹ tí òyìnbó ní nígbà tí BMI rẹ̀ bá dé 30, níbo ni ẹlòmíràn ti ń bá a pàdé? Aláwọ̀ dúdú bá a ní 28.1. Ọmọ Íńdíà, Pakísítàánì tàbí Báńgíládéèṣì bá a ní 23.9. Ní 2022, NICE, àjọ tó ń tọ́ àwọn dókítà Gẹ̀ẹ́sì sọ́nà, fi ààlà ìsanrajù fún wa sí 27.5. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ní Peckham, ní London, ẹ sọ fún wọn pé 29 tí wọ́n rò pé ó ṣì dára, kò dára fún wọn mọ́. Mo mọ̀ pé "aláwọ̀ dúdú" nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀ kó Yorùbá, ọmọ Sòmálíà àti ọmọ Jàmáíkà sínú àpò kan, bẹ́ẹ̀ ìran wọn jìnnà síra wọn gidigidi. Ó ṣì sàn ju kí wọ́n fi òyìnbó wọ̀n wá.

Ẹ mú ìbàdí. Ní 2006, àjọ àgbáyé lórí àtọ̀gbẹ, IDF, kọ ọ́ kedere pé kí àwọn ọmọ Áfíríkà ìsàlẹ̀ Sàhárà máa lo ìwọ̀n ti Yúróòpù ná títí a ó fi ní tiwa: sẹ̀ǹtímítà 94 fún ọkùnrin, 80 fún obìnrin. Aṣọ àyálò ni. Ohun tí mo fẹ́ràn jù ni èyí tí kò nílò ìwé rárá: kí ìbàdí yín má ṣe tó ìdajì gíga yín. Gbogbo telọ ló ní téèpù.

Ẹ mú àyẹ̀wò ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀. Lára òyìnbó, tí ínsúlíìnì kò bá ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́, ọ̀rá tí wọ́n ń pè ní triglyceride máa ń ga, dókítà á sì fura. Anne Sumner, ní ilé-iṣẹ́ ìwádìí ìlera ìjọba Amẹ́ríkà, ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣàlàyé pé lára àwọn tí orírun wọn jẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, triglyceride sábà máa ń wà nílẹ̀ kódà nígbà tí ínsúlíìnì ti ń kọṣẹ́. Aláìsàn á gba èsì tó dára lọ sílé, ewu á sì wà níkùn rẹ̀.

Èyí tó kan ilé wa jù ló kù. Nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ní Nàìjíríà ló jẹ́ AS, ìyẹn ni pé ó jogún jíìnì sickle cell lọ́dọ̀ òbí kan ṣoṣo. A mọ jẹ́nótáìpù wa nítorí ìgbéyàwó, lẹ́yìn ìyẹn a gbàgbé rẹ̀. Àyẹ̀wò HbA1c, tó ń sọ bí ṣúgà ṣe rí láàárín oṣù mẹ́ta, orí ẹ̀jẹ̀ pupa ló gbára lé, ẹ̀jẹ̀ pupa ẹni tó jẹ́ AS kò sì rí bákan náà pẹ̀lú ti AA. Ní 2017, ìwádìí lára àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà tó lé ní 4,600 fi hàn pé nígbà tí ṣúgà tí wọ́n wọ̀n tààrà bá dọ́gba, HbA1c ẹni tó ní AS jẹ́ 5.72, ti ẹni tí kò ní in jẹ́ 6.01. Ìyàtọ̀ yẹn lè dà bíi kékeré, ṣùgbọ́n ní ẹnu ààlà ni èèyàn ti ń ṣubú: 6.5 ni wọ́n fi ń sọ pé àtọ̀gbẹ ti dé. Bí ọmọ AS bá gbé 6.3 wá, kí dókítà fi àyẹ̀wò ṣúgà ààrọ̀, kí ó tó jẹun, kún un. Kò wọ́nwó.

Jíìnì tún ń bá wa jà níbòmíràn, ẹ má jẹ́ kí n fi pamọ́. Nínú jíìnì APOL1, irú méjì kan wà tí ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ tú àṣírí wọn ní 2010. Wọ́n pọ̀ láàárín wa nítorí pé wọ́n gba àwọn baba ńlá lọ́wọ́ kòkòrò àìsàn oorun tí eṣinṣin tsetse ń gbé. Lónìí, wọ́n ń ba kíndìnrín jẹ́. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà àti Gánà, tó jáde ní 2024, yẹ èèyàn 8,355 wò. Àwọn tó jogún rẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá àti baba fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú mẹ́ta, ewu àrùn kíndìnrín wọn sì fi bí ìdá kan nínú mẹ́rin ga ju ti àwọn yòókù. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tó ní in kò ní ṣàárẹ̀ kíndìnrín láéláé. Tí ẹ̀jẹ̀ ríru, ìsanrajù tàbí àìsàn mìíràn bá wá bá a níbẹ̀ ni ewu rẹ̀ ń le sí i. Ta ló ń mú àwọn yẹn wá?

Síbẹ̀, ìran wa ti gba ọkàn aráyé là. Ní Dallas, Helen Hobbs àti Jonathan Cohen rí i pé nínú àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà, bí 2.6 nínú 100 ní ẹ̀dà jíìnì PCSK9 kan tí kò ṣiṣẹ́ rárá. Nínú òyìnbó, kò tó ẹnì kan nínú ẹgbẹ̀rún. Kòlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù burúkú àwọn tó ní in fi ìdá 28 nínú 100 kéré, ewu àìsàn iṣan ọkàn wọn sì já wálẹ̀ ní ìdá 88 nínú 100. Ìwádìí yẹn jáde ní 2006. Nígbà tó fi di 2015, ìjọba Amẹ́ríkà ti fọwọ́ sí abẹ́rẹ́ méjì tó ń ṣe bíi ti jíìnì náà. Ara ọmọ Áfíríkà ni wọ́n ti kọ́ ọ. Owó abẹ́rẹ́ náà sì kọjá agbára ọ̀pọ̀ jù lọ ọmọ Áfíríkà. Ó ń dùn mí. Ó tún ń dùn mí pé ní 2016, nínú gbogbo àwọn tí wọ́n ti fi ṣe ìwádìí jíìnì kárí ayé, 81 nínú 100 jẹ́ ìran Yúróòpù, ìran Áfíríkà kò sì ju 3 lọ, bẹ́ẹ̀ àwọn Yorùbá Ìbàdàn wà lára àwùjọ mẹ́rin tí wọ́n kọ́kọ́ fi ya àwòrán jíìnì aráyé nínú iṣẹ́ HapMap. A fún ayé ní ẹ̀jẹ̀ wa. Ẹ jẹ́ kí ìjọba wa fi owó sí i kí èrè rẹ̀ lè padà wálé.

Ní ti ohun tí a lè ṣe kí owó ìjọba tó dé, ẹ ò ní láti dúró de Chicago. Ọ̀jọ̀gbọ́n Máyọ̀wá Owólabí ti Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ aláìsàn rọpárọsẹ̀ 2,118 wò ní Nàìjíríà àti Gánà, wọ́n fi ẹni tí kò ní in wé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ní 2018 wọ́n kọ ọ́ pé nǹkan mọ́kànlá tí a lè yí padà ló wà nídìí èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo rẹ̀, 98 nínú 100. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló ṣáájú. Ìbàdí tó tóbi jù tí a bá fi wé ìdí wà níbẹ̀. Ẹran jíjẹ lemọ́lemọ́ wà níbẹ̀. Iyọ̀ tí a ń bù sí oúnjẹ lórí tábìlì wà níbẹ̀. Àìjẹ ẹ̀fọ́ tútù wà níbẹ̀. Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀fọ́! Ní ilẹ̀ ewédú àti ṣọkọ, níbi tí ẹ̀fọ́ ti ń hù lẹ́yìn ilé!

Mo ti rí ilé tí wọ́n ti ń fi mágí mẹ́fà se ọbẹ̀ ìkòkò kékeré kan, tí wọ́n tún bu iyọ̀ sí i. Mo ti rí ọmọ ọdún mẹ́jọ tí ìyá rẹ̀ ń fi títóbi ikùn rẹ̀ yangàn fún àwọn àlejò. Bí wọ́n bá pè é ní lẹ́pa, inú ìyá á bàjẹ́. Ìfẹ́ ló wà nídìí rẹ̀, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, torí ilẹ̀ tí ebi ti pa èèyàn rí ni ilẹ̀ wa. Ṣùgbọ́n ọmọ tí jíìnì rẹ̀ ń ti ebi sí i lọ́pọlọ ni ọmọ tó yẹ kí a kọ́kọ́ dáàbò bò nínú ilé. Òun gan-an ni kí nǹkan dídùn inú ike má ṣe wọ ilé nítorí rẹ̀.

Nítorí náà, bí ẹ bá délé, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà: ta ló ní ẹ̀jẹ̀ ríru nínú ilé yìí, ta ló ní àtọ̀gbẹ, ta ni rọpárọsẹ̀ kọlù, ọmọ ọdún mélòó ni wọ́n nígbà náà? Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú jẹ́nótáìpù yín. Bí baba yín bá ti ní ẹ̀jẹ̀ ríru lẹ́ni ogójì ọdún, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í wọn tiyín láti ogún ọdún, lọ́dọọdún. Ẹ gbé ìwé yẹn lọ bá dókítà. Ẹ̀yin dókítà ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jọ̀wọ́, bí aláìsàn bá nà án sí yín, ẹ gbà á, ẹ kà á, kí ẹ tó kọ àyẹ̀wò kankan fún un.